Àbọ̀ rèé: ilé bàbá wa tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ X sí

Ẹ̀yin ará, mo ti padà dé. Ẹ rántí pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kọ X sára ilé bàbá wa n'Ìbàdàn, wọ́n ní ọ̀nà fẹ́ fẹ̀, ká kó jáde láàárín ọjọ́ 7, mo wá bi yín pé kí la lè ṣe.

Nínú ìmọ̀ràn tí ẹ fún mi, ti ẹni tó ní ká béèrè ìwé ìfitónilétí ló gbà wá. Lọ́yà kọ̀wé sí wọn pé abala 28 Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ní kí wọ́n fún onílẹ̀ ní ìwé ìfitónilétí kí wọ́n tó gba ilẹ̀ rẹ̀. X kì í ṣe ìwé! Ó fi abala 44 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 tì í lẹ́yìn, èyí tó ní wọn ò gbọdọ̀ gba dúkìá láìsan owó gbà-má-bínú. Mo fi ẹ̀dà lẹ́tà lọ́yà náà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sínú ọ̀rá, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tí katapílà dé, ọ̀gá wọn kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó pe ẹnì kan lórí fóònù, ni wọ́n bá bá tiwọn lọ.

Ìmọ̀ràn pé ká béèrè máàpù ọ̀nà náà lábẹ́ òfin FOI ti 2011 (òfin tó jẹ́ kí ará ìlú lè béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba) ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ọjọ́ 7 lòfin ní kí wọ́n fi dáhùn, ọ̀sẹ̀ 5 ni wọ́n lò. Àmọ́ ó hàn níbẹ̀ pé fẹ́ǹsì àti ṣọ́ọ̀bù nìkan lọ̀nà kàn.

Èyí tó kù ni owó. Ẹ má tan ara yín o: abala 29 Òfin Lílo Ilẹ̀ ní ohun tí a kọ́ sórí ilẹ̀ ni wọ́n máa sanwó rẹ̀, kì í ṣe iye tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ tó lọ́jà. Wọ́n ti wọn ṣọ́ọ̀bù, kọ́bọ̀ ò tíì wọlé. Ẹni tó ní kí n lọ "rí" ọ̀gá kan, mi ò ṣe é.

Ẹ ṣeun. Ìyá aláṣọ ṣì ń tajà nínú ṣọ́ọ̀bù náà, ó fi àǹkárá bo X mọ́lẹ̀.