Èsì: Àjẹsára kọ́ lorúkọ ẹ̀ka yẹn

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí gbogbo yín.

Mo ka àkójọ orúkọ tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ fún àwọn tó fẹ́ kàwé gboyè másítà àti oyè ọ̀mọ̀wé nínú sáyẹ́ǹsì ìṣègùn. Ẹ kú làálàá, iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tí ẹ ti sọ immunology, ẹ̀kọ́ nípa bí ara ṣe ń gbógun ti àrùn, di "ìmọ̀ àjẹsára", ara mi kọ̀ ọ́. Rárá o.

Ẹ jẹ́ ká tú u wò: à-jẹ-sí-ara. "À" yìí náà ló wà nínú àjẹkù àti àkọsílẹ̀. Àjẹkù lohun tí a jẹ tó ṣẹ́ kù. Àjẹsára lohun tí a jẹ tó wọ ara lọ. Ẹnìkan ti kọ̀wé lánàá pé jíjẹ kì í ṣe ti ẹnu nìkan, pé a ń jẹ oyè, a ń jẹ gbèsè, a ń jẹ ìyà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó fi ọ̀rọ̀ náà lé wa lọ́wọ́ kì í pa á pọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n bá jẹ, àjẹsára ni. Èyí tí wọ́n bá fi abẹ sín, gbẹ́rẹ́ ni. Èyí tí wọ́n bá so mọ́ra, oǹdè ni. Kò sí àgbà tó máa sín gbẹ́rẹ́ fún ọ tán tó máa ní àjẹsára lòun fún ọ. Irú wọn ò wọ́pọ̀ mọ́. Ohun tí rédíò bá sọ làwa ń gbé kiri.

Ká sòótọ́, gbẹ́rẹ́ gan-an ni Edward Jenner, oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi àjẹsára ṣọ̀pọ̀nná lọ́lẹ̀, sín fún James Phipps, ọmọ ọdún 8, ní 1796. Apá ọmọ náà ló ha, tó fi oje egbò tí obìnrin kan kó lára màlúù sí i. Ọmọ náà ò jẹ nǹkan kan.

Èmi ò ní ká gba ọ̀rọ̀ náà, "àjẹsára", kúrò lẹ́nu àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́. Ó ti mọ́ aráyé lẹ́nu. Èyí tí wọ́n ń kán sọ́mọ lẹ́nu nítorí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tilẹ̀ yẹ fún orúkọ náà dáadáa. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹ fi orúkọ oògùn kan pe odindi ẹ̀ka. Ẹni tó bá lọ kàwé níbẹ̀ yóò kọ́ nípa awọ ara àti oje kíkan inú agbẹ̀du, tó ti ń ṣọ́ wa ká tó gbúròó oníṣègùn kankan. Yóò ka iye sẹ́ẹ̀lì CD4, irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan tí HIV ń pa, nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní HIV. Yóò kọ́ ìdí tí ara fi ń kọ kíndìnrín ẹlòmíràn tí wọ́n fi sínú rẹ̀, àti bí ara ṣe ń gbógun ti ara rẹ̀, irú èyí tó ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè insulin, èròjà tó ń kápá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, tí àtọ̀gbẹ fi ń mú ọmọdé. Kí ni wọ́n jẹ níbẹ̀?

Ẹ wo ọmọ tuntun. Àwọn èròjà agbóguntàrùn tí ìyá fi sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, inú ibi ọmọ ni wọ́n gbà kọjá, kó tó mọ ẹnu í là. Èyí tó wá ń mu nínú omi ọyàn àkọ́kọ́, inú ìfun ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń dúró sí láti ṣọ́ ibẹ̀. Èyí tó wọ̀ ọ́ lára, kò jẹ ẹ́. Èyí tó jẹ, púpọ̀ rẹ̀ kò wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ fẹ́ fi "àjẹsára" sí?

"Ìmọ̀ ààbò ara" lèmi fara mọ́. Kẹ́nikẹ́ni má sì gé fáwẹ̀lì rẹ̀ kúrú kó tún fi àmì sábẹ́ rẹ̀, bí mo ṣe rí i nínú lẹ́tà kan: "ìmọ̀ àbọ̀ ara". Ṣé ìdajì ara ni wọ́n fẹ́ kọ́? Àbúrò wa tó ń ka másítà sọ pé "ààbò" dún létí òun bí iṣẹ́ ọlọ́dẹ. Iṣẹ́ ọlọ́dẹ náà ni sẹ́ẹ̀lì funfun ń ṣe! Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Metchnikoff, tó pín ẹ̀bùn Nobel ti 1908 pẹ̀lú Paul Ehrlich, onímọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, rí wọn bí wọ́n ṣe ń gbé ohun àjèjì mì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn "jẹ", ibẹ̀ ló wà o: sẹ́ẹ̀lì ló ń jẹ, kì í ṣe aláìsàn.

Haematology tí ẹ kọ ní "ìmọ̀ ẹ̀jẹ́" ńkọ́? Ẹ̀jẹ́ lèyí tí èèyàn ń jẹ́ níwájú Ọlọ́run. Ẹ yí àmì òkè yẹn padà sí ìsàlẹ̀, kó di ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn nínú ara. "Ẹ̀kọ́ ẹ̀yìn-oyè" tí ẹ pe postgraduate náà ò dùn mọ́ mi. Ẹni tí wọ́n bá rọ̀ lóyè ló ń gbé ẹ̀yìn oyè. Ẹ sọ ọ́ ní oyè kejì àti oyè kẹta, kó yé ìyá akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹni tó ní kí n mú ìwé ẹ̀rí sáyẹ́ǹsì mi wá kí n tó sọ̀rọ̀, kí òun náà kọ́kọ́ sọ fún wa bí fáírọ́ọ̀sì ṣe di "kòkòrò" lọ́wọ́ rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì kì í jẹun, kì í mí, kò sì lè bí sí i àfi nínú sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn. Mo ń retí èsì rẹ̀.