Ta lẹ mọ̀ ní Ìbàdàn tó mọ̀ nípa ẹ̀yìn ríro? Ó yá o, ẹ jọ̀ọ́

Apátá_Boy: Ẹ káalẹ́ o. Ìyàwó mi ni, látàná kò lè yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹkún ló ń sun. Parasítámọ̀ ò ràn án. Ta ni kí n gbé e lọ bá lọ́la?

ÌyáÌbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ̀yìn lápá ibo? Ṣé ó lóyún ni? Ẹ gbé e lọ sí fisíò, àwọn tó ń fi eré ìdárayá wo ara ríro, ní UCH jàre, àmọ́ ẹ tètè jáde, ẹ mọ bí èrò ibẹ̀ ṣe rí.

Baba_Mọ́lété: Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Kó fi ṣúgà sílẹ̀, àgbo ife méjì, ó parí.

Apátá_Boy: Kò lóyún, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, ọ̀sẹ̀ méje. Kì í ṣe àárín ẹ̀yìn, kòtò kékeré tó wà lókè ìdí lọ́wọ́ ọ̀tún ló ń fi ìka kan tọ́ka sí ṣáá.

ÌyáÌbejì: Baba, ọmọ ń mu ọmú ẹ̀, ẹ wá ní kó mu àgbo 🙄

Ṣadé_Òjé: Ẹ MÁ gbé e fún àwọn tó ń fa eegun o!!! Lọ́dún tó kọjá ọkùnrin kan ní kí n dojú bolẹ̀, ó gun ìdí mi, ó fa ẹsẹ̀ mi sókè, mo gbọ́ kọ̀, ó ní eegun ti padà sáyè ẹ̀, mo san 15,000, nígbà tílẹ̀ mọ́ mi ò lè dúró wọ pátá, oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń jókòó lé ìdí kan.

Káfíńtà1: Tìẹ nìyẹn. Àwọn tó ń to eegun ló to ẹsẹ̀ mi lẹ́yìn jàǹbá ọ̀kadà.

Ṣadé_Òjé: Ẹsẹ̀ tó kán àti ìdí, ṣé ọ̀kan náà ni? 

Káfíńtà1: Ẹ ṣáà fẹ́ràn òyìnbó ni.

FisíòÌdíÀrábà: Ẹ sinmi ná. Oríkèé tó so ìbàdí mọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn nìyẹn lè jẹ́, oyún àti ìbímọ sì máa ń dà á láàmú. Kì í yẹ̀ bíi ti èjìká, kọ̀ tẹ́ ẹ gbọ́ yẹn kì í ṣe eegun tó padà sáyè. Ẹni tó bá mọṣẹ́ á tẹ ìbàdí níwájú, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, á ká itan sókè á tì í wálẹ̀, bíi ọ̀nà márùn-ún bẹ́ẹ̀. Ẹyọ kan ò tó o, tí mẹ́ta bá jí ìrora yẹn gan-an la tó ń fura sí i. Ẹ́síréè lè mọ́ kedere kó ṣì máa dùn ún. Lálẹ́ òní, ìrọ̀rí sáàárín orúnkún, kó pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ kó tó yí. Tẹ́ ẹ bá ra bẹ́líìtì, ìsàlẹ̀ ìbàdí ni kó wà, kì í ṣe ikùn. Àmọ́ tí ibà bá wà, tí ìtọ̀ ò bá jáde, tàbí tí abẹ́ ẹ̀ bá kú tìpìrì, ẹ má dúró dọ̀la.

Tọ́pẹ́_Rìngì: Fóòmù wo lẹ ń sùn lé? Tiwa ti jìn láàárín bí igbá ni, a pààrọ̀ ẹ̀, ẹ̀yìn tó ń ro mí sì lọ.

Ṣadé_Òjé: 15,000 o!

Apátá_Boy: Ẹ ṣé gan-an. Kò sí ibà, ó ń tọ̀. Ìrọ̀rí yẹn ràn án díẹ̀, ó ti yí lẹ́ẹ̀kan. Ìyá ẹ̀ ti dé láti Ṣakí, wọ́n ní a ò fi omi gbígbóná tẹ ìdí ẹ̀ dáadáa lẹ́yìn ìbímọ, àwọn ló kù sí lọ́wọ́ báyìí. Tọ́pẹ́, fóòmù yẹn, èló ni wọ́n ń tà á ní Dùgbẹ̀?

FisíòÌdíÀrábà: Fóòmù kẹ̀?