Tab kì í parí nǹkan: èsì mi lórí “ìparí àdáṣe”

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé lánàá ní ká má lo “ìsọdodidi” tí mo dá lábàá, ká máa pe iṣẹ́ tí bọ́tìnì Tab ń ṣe nínú terminal (ibi tí a ti ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà), bó ṣe ń bá wa kọ ìyókù ọ̀rọ̀ tí a bẹ̀rẹ̀, ní “ìparí àdáṣe”, torí pé “completion” ni Òyìnbó pè é. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yìí kò bá mi lára mu rárá. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Òyìnbó fi ń pe píparí àti pípé. Àwa ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ohun tó parí ti tán nìyẹn. Ohun tó pé, kò sí èyí tó dín níbẹ̀. Bí Tab bá wá jẹ́ ìparí, kí la fẹ́ pe Enter tó ń mú kí àṣẹ ṣiṣẹ́?

Mo tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ yín dán ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wò lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní Adó-Èkìtì níbí. Ubuntu ni ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mo ní kó fi àfikún kan sí i, kó kọ sudo apt install bash-completion, kó pa terminal dé, kó tún un ṣí. Bash, ètò tó ń gba àṣẹ nínú terminal, mọ orúkọ fáìlì fúnra rẹ̀. Àfikún yìí ló ń kọ́ ọ ní ohun tó lè tẹ̀lé àṣẹ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ náà fẹ́ wọ fódà kan, ó kọ cd Iw, ó tẹ Tab. Ẹ̀rọ bá a kọ ọ́ dé Iwe-, ó dúró, torí Iwe-Ile wà níbẹ̀, Iwe-Oko náà wà níbẹ̀. Ó ní, “Àǹtí, ẹ ní ìparí ni, kò mà parí o!” Mo ní kó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, orúkọ méjèèjì jáde. Ó fi O kún un, ó tẹ Tab, ó di Iwe-Oko/.

Bí ìyá àgbà ṣe ń bá wa sọ̀rọ̀ ní Ìkọ̀lé gan-an nìyẹn. Wọ́n á ní, “Bá mi gbé à…”, ọwọ́ wọn á ti nà síta, àpótí la óò gbé wá. Ìgbà tí àga wọlé la tó ń bi wọ́n pé àpótí ni àbí àga. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúwàbí. Ẹ mọ ìyókù. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú “ìsọdodidi”, sísọ nǹkan di odidi, wá. Ẹni tó ní “dodidi” dà bí akólòlò, ṣé “ìsọdorúkọ” tí gbogbo wa kọ́ nínú gírámà kò ní ìpajẹ fáwẹ̀lì kan náà ni?

Ẹ tún bú mi pé mo kọ́kọ́ kọ ọ́ ní “ùsọdodidi”, pé u kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ulé ni bàbá mi ń pe ilé títí wọ́n fi kú, uṣu ni wọ́n ń pe iṣu, wọn ò sì ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn tó ṣe tcsh, ètò kan tó ń gba àṣẹ bíi Bash, fi t kan ṣoṣo rántí TENEX, ètò àtijọ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ti kọ́ irú iṣẹ́ tí Tab ń ṣe yìí. Èmi náà lè jà fún lẹ́tà “u” kan.

Ní ti pé “odindi” ló yẹ ká kọ, kì í ṣe “odidi”, ẹ jẹ́ kí ẹni tó sọ ọ́ kọ́kọ́ sọ ìlú tó ti gbọ́ ọ.