Ẹ má pe ìsoríkọ́ ní "ìbànújẹ́ àjogúnbá" fún wa o

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo rí ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa ará Ìjẹ̀bú-Igbó gbé kalẹ̀, pé tá a bá ń fi Yorùbá kọ̀wé, ká má pe depression ní "ìsoríkọ́" mọ́, ká máa pè é ní "ìbànújẹ́ àjogúnbá" torí pé àwọn onísáyẹ́ǹsì ti rí i nínú jíìnì, ìyẹn ohun inú ara tí òbí fi ń ta àtaré ìrísí àti ìwà sí ọmọ. Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò lè dúró. "Jogún" tẹ́ ẹ tì bọ àárín ẹ̀ yẹn ló ń bí mi nínú. Ohun téèyàn bá jogún ti di tiẹ̀ nìyẹn, ilé ni o, oko ni o. Ta ló ń jogún "bóyá"? Bẹ́ẹ̀, bóyá gan-an ni jíìnì ń fúnni: ó lè ṣe é, ó sì lè má ṣe é.

Ẹ wo ìbejì tó ti inú ẹyin kan ṣoṣo wá. Jíìnì kan náà ni Táyé àti Kẹ́hìndé ní, síbẹ̀ ọ̀kan lè sorí kọ́ títí kó má lè jẹun, kí ìkejì máa ṣe fàájì ẹ̀ lọ. Ìwádìí lórí ìbejì fi hàn pé nínú ohun tó ń mú kí ewu ẹnì kan ju ti ẹlòmíì lọ, nǹkan bí 37 nínú 100 ló jẹ́ ti jíìnì, ìyókù dọwọ́ ohun tójú oníkálukú ń rí, ọ̀fọ̀, iṣẹ́ tó bọ́, ìyà tí wọ́n fi jẹni ní kékeré.

Àǹtí wa tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ṣágámù mú ìwádìí Dunedin wá, èyí tí wọ́n ṣe ní New Zealand, tó jáde ní 2003, pé oríṣi jíìnì kan tó ń bójú tó serotonin, ìyẹn kẹ́míkà kan nínú ọpọlọ, ló ń jẹ́ kí wàhálà tètè wọ àwọn kan lára. Àǹtí, ó dùn létí o, àmọ́ ní 2009 wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, wọn ò rí iṣẹ́ jíìnì yẹn, wàhálà fúnra ẹ̀ nìkan ló dúró. Wọ́n tún yẹ ẹ́ wò lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn ní 2019, pàbó. Jíìnì tó lọ́wọ́ sí i pọ̀ gan-an, agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan ò sì ju bíńtín lọ.

Ẹ sì mọ̀ wá ní Rẹ́mọ níbí. Bí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ bá ti ń sún mọ́lé, ìyá àgbà kan á fa aládùúgbò àna lọ sẹ́yìn ilé, orógbó ṣì wà lẹ́nu ẹ̀, á ní "ṣé kò sí wèrè nílé wọn ṣá?" Ẹ wá fẹ́ fún irú wọn ní "àjogúnbá" mú dání? Ìgbéyàwó ọmọ ẹni ẹlẹ́ni lẹ fẹ́ tú ká yẹn.

Bọ̀dá tó ní "ìsoríkọ́" jọ pokùnso, tó wá ń fi ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ́ ọ halẹ̀ mọ́ wa, ẹ fara balẹ̀. Bàbá mi àgbà ní Òde Rẹ́mọ ò ka A B D, bí wọ́n bá sì ti rí ọmọ tó dákẹ́ sí kọ̀rọ̀ wọ́n á ní "ọmọ yìí sorí kọ́, ẹ bi í, kí ló ṣe é?" Wọn kì í béèrè pé ta ló bí i.

Ẹni tó ní ká máa fi "àbùdá" pe jíìnì, ó dára, mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ ẹni tó ní ká pe jíìnì ní "àyànmọ́", tiẹ̀ tún burú ju ti ẹ̀gbọ́n lọ, mo sì ń dúró de àlàyé ẹ̀, kó fi àmì ohùn sí i tó bá ń bọ̀.