Bángà Ọdún Kérésì: Ìmọ̀ràn Yín Ni Mo Ń Wá
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ foríjì mí bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn díẹ̀. Ní àdúgbò wa n'Íbàdàn, bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé ni àwọn ọ̀dọ́ máa ń ju bángà sẹ́sẹ̀ àwọn tó ń kọjá, àwọn àgbàlagbà tó sì gbọ́ ìbúgbàmù Bódìjà ní ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024 ṣì máa ń gbọ̀n bí wọ́n bá gbọ́ ìró rẹ̀. Ẹgbẹ́ onílé ti bá àwọn òbí sọ̀rọ̀. A ti bẹ àwọn oníṣọ́ọ̀bù, síbẹ̀ àwọn kan ń tà á lábẹ́lẹ̀. N kò fẹ́ kí ọlọ́pàá kó ọmọ ẹnikẹ́ni lásìkò ọdún. Báwo ni àdúgbò tiyín ṣe mú kí àwọn ọ̀dọ́ jáwọ́ láìsí ìjà? Mo dúpẹ́ ṣáájú.