Kí ni fíìmù Túndé Kèlání ti ṣe sí ojú yín? Ẹ sọ tiyín

Ọmọ Ìkìjà:

Ẹ̀yin ọmọ Lísàbí, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti ọdún 2021. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí ẹ̀yin náà wá sọ tiyín.

Ọdún náà ni *Ayinla* jáde, fíìmù tí Alàgbà Túndé Kèlání, TK, ṣe lórí Àyìnlá Ọmọwúrà, ọ̀gá alápàlà ìlú wa, Abẹ́òkúta. Bàbá mi ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún nígbà náà. Mo ní kí a jọ lọ wò ó. Wọ́n ní kí ni àwọn ń lọ wò, ṣé ẹni tí àwọn jó sí orin rẹ̀ lójúkojú ni wọ́n tún fẹ́ fi han àwọn? Mo bẹ̀ wọ́n títí. Nígbà tí wọ́n gbà, wọ́n wọ agbádá bí ẹni ń lọ sí òde ìyàwó, a sì lọ.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n káwọ́ gbera. Mo rò pé oorun ló kù. Àfi ìgbà tí ìlú yọ: òrùlé páànù tó ti dípẹtà, ọ̀kan ń yọ lẹ́yìn ọ̀kan. Bàbá mi ta kìjí. Wọ́n na ìka sí ojú àwòrán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí dárúkọ agboolé. "Ẹ̀yìn ibẹ̀ yẹn ni kànga wa wà." Obìnrin kan tó jókòó níwájú wa yíjú padà. Mo ti ń múra àtibẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, àṣé kò bínú. Ó ní, "Bàbá, apá ibo ni Ìtòkò wà níbẹ̀?"

Abẹ́ àwọn òrùlé yìí ni mo dàgbà sí. Ìtìjú ló máa ń ṣe mí tí àlejò bá gun Olúmọ, tó bẹ̀rẹ̀ sí ya páànù wa ní fọ́tò. Lójú tèmi, ìlú tó ti gbó ni. TK ò kùn ún, wọn ò sì fi pamọ́, wọ́n kàn jẹ́ kí a wò ó pẹ́. Ohun tí mo ń pè ní ìpẹtà láti kékeré, lálẹ́ ọjọ́ yẹn, osùn ni mo rí. Àwọ̀ osùn gan-an, bí èyí tí wọ́n fi ń pa ọmọ tuntun lára. Omi bọ́ lójú mi nínú òkùnkùn ilé sinimá.

Mo ti ronú púpọ̀ lórí ibi tí irú ojú bẹ́ẹ̀ ti wá. Èkó ni wọ́n bí TK sí ní 1948, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún márùn-ún ni wọ́n nígbà tí wọ́n mú wọn wá sílé bàbá àgbà wọn níbí, Balógun Ìjàyè Kúkúdì. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Òkè-Ọ̀nà, ní Ìkìjà wa níbí, ni wọ́n lọ, kí wọ́n tó wọ Abeokuta Grammar School. Ọmọ tó bá dàgbà nílé ìjòyè á ti mọ bí àlejò ṣe ń wọlé, á mọ ibi tí àgbà ń jókòó sí, á mọ ibi tí ọmọdé ń dúró sí. Ó hàn nínú iṣẹ́ wọn. Tí ẹnìkan bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀, kámẹ́rà wọn kì í sáré. Wàá rí i látorí dé ẹsẹ̀, wàá rí ẹni tó ń kí, wàá rí ilẹ̀ tí àyà rẹ̀ kàn, wàá rí ọwọ́ àgbà tó ní kó dìde. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù mìíràn, ojú nìkan ni wọ́n ń gbé sún mọ́ wa. Ẹnu ló ń kí, ara ò sí níbẹ̀. Ìkíni Yorùbá kọ́ nìyẹn.

Ó yá, ta ló kàn?

Ìyá Télọ̀ Kútọ̀:

O káre, àbúrò. Kí Ọlọ́run ṣọ́ bàbá fún wa. Ti aṣọ ni tèmi o.

Ní 1997 tí *Ó Le Kú* jáde, ẹnu iṣẹ́ ni mo ṣì wà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Kò pẹ́ rárá tí àwọn obìnrin fi bẹ̀rẹ̀ sí ya wọ ṣọ́ọ̀bù: "Ẹ rán ti Àṣàkẹ́ fún mi." "Ti Lọlá ni mo fẹ́ o." Àwọn ọmọge inú fíìmù náà ni wọ́n ń wí. Bùbá tí apá rẹ̀ mọ níwọ̀n, ìró tí kò bo orúnkún. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní irú ẹ̀ làwọn wọ nígbà tí àwọn wà lọ́mọge, kí ló dé tó fi wá di tuntun?

Iṣẹ́ náà pọ̀ débi pé ọ̀gá mi yá kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kí n jókòó tì í. Mo ń dá a dúró, mo ń fi téèpù wọn ara mi, mo ń wo ibi tí ìró ọmọbìnrin yẹn parí sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mo sì ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sórí ìwé ìròyìn àtijọ́. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé TK jẹ́ kí ọmọ náà dúró, wọ́n sì jẹ́ ká rí gbogbo ìdúró rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ọrùn sókè nìkan ni wọ́n yà, báwo ni n bá ṣe gé e?

Ìwé ìròyìn tí mo gé yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Orúkọ fíìmù ti di orúkọ aṣọ. Tí oníbàárà bá ti ní "olekú" lòun fẹ́, mi ò béèrè nǹkan kan mọ́, mo ti mú síṣọ́ọ̀sì nìyẹn.

Onífídíò Pánṣẹ́kẹ́:

Ọ̀rọ̀ Ìyá Télọ̀ yìí wọ̀ mí lára, torí ọ̀nà kan náà lèmi gbà kọ́ṣẹ́.

Fídíò òde ni mò ń ya. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ní kámẹ́rà gbọ́dọ̀ máa rìn ni, kó máa fò, kó máa fa ojú ènìyàn sún mọ́, kó tún tì í padà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe é títí mo fi jókòó wo *Ṣaworoidẹ* dáadáa, èyí tó jáde ní 1999. Gbogbo yín mọ ibi tó parí sí: Lágàta, sójà tó gbàjọba, gbé adé lérí, wọ́n lu ìlù oníṣaworo, orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ọ, ó sì kú. Ọwọ́ ń lu awọ níbí, ẹni tí ìlù ń bá wí wà lọ́hùn-ún. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ọ̀rọ̀ ni ìlù ń sọ, ẹni tó ń gbọ́ ọ sì gbọ́dọ̀ hàn.

Ẹ wá wò ó lóde àríyá. Onígángan á ki ìyá ọlọ́jọ́ọ̀bí, ìyá á fi ẹsẹ̀ dá a lóhùn, á rọra fi èjìká gbà á. Bí mo bá gbé kámẹ́rà lé ojú ìyá nìkan, ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Mo bẹ̀rẹ̀ sí gbé kámẹ́rà kalẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ìyá àti onílù jọ wà nínú àwòrán kan, mi ò sì fọwọ́ kàn án mọ́ títí ijó á fi parí.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo ṣe é fún bínú. Ó ní mi ò gbé òun sún mọ́, kò san owó tó kù. Ó dùn mí, torí owó ilé ni mo fẹ́ fi san. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìyá rẹ̀ kú. Òun fúnra rẹ̀ ló tún pè mí, ó ní ṣé fídíò yẹn ṣì wà. Ó ní gbogbo fọ́tò ìyá òun tó wà nílé, ojú ni, kò sí èyí tí òun ti lè rí bí ẹsẹ̀ ìyá òun ṣe máa ń gbọ̀n tí wọ́n bá ki ìdílé wọn. Mo ṣe é sórí fíláṣì fún un. Mi ò mẹ́nu ba owó.

Àdùkẹ́ Àgọ́-Ìkà:

Ẹ jọ̀ọ́, kò dùn mọ́ gbogbo wa lọ́nà kan náà o.

Àdúgbò wa ni wọ́n ti pa Àyìnlá ní ọjọ́ kẹfà oṣù Èbìbí, 1980. Ìyá mi ṣì kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n ariwo ọjọ́ yẹn kò kúrò létí wọn. Nígbà tí a jọ ń wo fíìmù náà nílé, wọ́n ń bá a kọrin, wọ́n ń yẹ aṣọ wò, wọ́n ní bí àwọn ṣe ń wé gèlè gan-an nìyẹn. Bó ṣe ku díẹ̀ kó parí, wọ́n dìde. Wọ́n lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kẹ̀yìn sí wa, wọ́n di aṣọ ìkélé mú.

Mo ní, "Ìyá mi, eré ni." Wọ́n ní, "Bó ṣe mọ́lẹ̀ tó yìí? Mi ò lè wò ó."

Mo ti rò ó títí. Fíìmù tí gbogbo ibi inú rẹ̀ bá ṣókùnkùn, èèyàn lè sọ fún ara rẹ̀ pé ibòmíràn ni. Ti TK ò rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ wọn dà bí ìmọ́lẹ̀ ojúlé wa, ìdí nìyẹn tí ikú inú rẹ̀ fi ń wọlé tọ èèyàn wá. Mo yin TK fún un, ṣùgbọ́n mi ò ní gbé e sí i níwájú ìyá mi mọ́.

Ọmọ Aké:

Àdùkẹ́, ẹ bá mi kí ìyá o.

Àwọn ọmọ tèmi, mo gbé *Maami* sí i fún wọn, èyí tí wọ́n yà nílùú wa níbí, tó jáde ní 2011. Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n fi mú fóònù, ó ní ó ń falẹ̀. Mi ò bá a jà, ohun tó ń sáré ni ojú rẹ̀ ti mọ̀. Àbúrò rẹ̀ ni kò mira títí ó fi parí. Ó wá bi mí bóyá ìyá inú fíìmù yẹn ń gbé nítòsí wa, kí òun lè lọ kí i.

Ìyá Télọ̀ Kútọ̀:

Háà, ọmọ yẹn á dàgbà o, lágbára Ọlọ́run.

Ẹ gbọ́, kásẹ́ẹ̀tì *Ó Le Kú* ti ọ̀gá mi wà lọ́dọ̀ mi, páálí rẹ̀ ò tíì ya. Ẹ̀rọ tí a fi ń wò ó ló ti bàjẹ́. Ta ló ní?

Onífídíò Pánṣẹ́kẹ́:

Mo ní, mà, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn, màá gbé e wá sí Kútọ̀. Ọmọ Ìkìjà, ẹ mú bàbá dání.