Ta ló ti gba ọ̀nà etíkun lọ sí Ouidah rí? Ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ẹ kú ilé o. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ọ̀gá mi yọ̀ǹda fún mi, èmi àti ìyàwó mi sì fẹ́ fi wo òkun. Kì í ṣe ti Èkó tí ariwo gbohùngbohùn kì í jẹ́ ká gbọ́ ìró ìgbì. Láti Mile 2 dé Àgbádárìgì, kọjá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ bọ́ sí ilẹ̀ Benin, gba Kútọnu títí dé Ouidah àti Grand-Popo, òkun ò jìnnà sí ọwọ́ òsì wa. Ọkọ̀ ara mi ni mo fẹ́ wà lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ, kí lojú yín rí?

Àbẹ̀kẹ́ Àjàṣẹ́:
Bùọ̀dá, ẹ fi ọkọ̀ yín sílé. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi gbé tiwa lọ lọ́dún 2017. Aago márùn-ún ìdájí la kúrò nílé, a ní Ouidah la ó ti jẹun ọ̀sán. Háà! Láàrin Mile 2 sí ẹnubodè nìkan, mo ka ibi tí wọ́n ti fi igi dábùú ọ̀nà dé ogún, ó sú mi, mo fi í sílẹ̀. Bí ẹni yìí bá ti yẹ ìwé ọkọ̀ wò tán, èyí tó wà níwájú díẹ̀ á ní òun náà fẹ́ rí i. Ibi tọ́rọ̀ wá bẹ́yìn yọ ni pé orúkọ ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló wà lára ìwé náà. Wọ́n ní ta ló mọ̀ bóyá a jí i ni. Wákàtí mẹ́ta la fi jókòó sábẹ́ àtíbàbà kan, kí obìnrin náà tó rí lẹ́tà àṣẹ fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Láti ibẹ̀ dé Kútọnu ò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ, síbẹ̀ ilẹ̀ ti ṣú ká tó wọlé.

Àtìgbà náà, ọkọ̀ èrò ni mò ń wọ̀ dé ẹnubodè. Màá fẹsẹ̀ kọjá pẹ̀lú páásìpọ́ọ̀tù àti yẹ́lò káàdì mi, màá wọ takisí lọ sí Kútọnu, ibẹ̀ ni màá ti háyà ọkọ̀ pẹ̀lú awakọ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣẹ́ owó séfà, owó tí wọ́n ń ná ní Benin, lọ́dọ̀ ẹni tó bá kọ́kọ́ sáré pàdé yín, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ ara yín kà á. Ti èdè ò le: Ànàgó ni wọ́n ń pè wá níbẹ̀, ẹ ò ní rìn jìnnà kẹ́ ẹ tó rí ẹni tó máa dá yín lóhùn.

Ọ̀nà méjì ló lọ sí Ouidah. Títì ńlá ni tírélà ń gbà, kò sì sí nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ wò níbẹ̀ ju ìdí tírélà lọ. Ẹ sọ fún awakọ̀ pé Route des Pêches lẹ fẹ́, ọ̀nà àwọn apẹja, láti Fidjrossè ní Kútọnu. Nǹkan bí 40 kìlómítà ni, lórí ilẹ̀ iyanrìn tó há sáàárín òkun àti ọ̀sà, igi àgbọn lọ́tùn-ún lósì. Bí ẹ bá rí okùn tó ti inú omi jáde, tí ogún èèyàn tò mọ́ ọn tí wọ́n ń fi orin fà á, ẹ dúró. Èmi bọ́ bàtà, mo bá wọn fà. Àwọn ìyá tó ń dúró de ẹja fi èékánná mi ṣe yẹ̀yẹ́ títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ó tó wákàtí kan kí àpò àwọ̀n tó yọ. Ẹja wẹ́wẹ́ àti ọ̀rá náílọ́ọ̀nù ló wà nínú rẹ̀, ọ̀rá fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ẹja lọ. Wọ́n bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún mi. Àtẹ́lẹwọ́ mi bó, ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí n tó lè fi rokà.

Òkun Gbé Bàtà Lọ:
Ẹ kàn má wọ inú omi yẹn o. Èmi tí mo mọ omi í wẹ̀ láti kékeré, lódò Ògùn l'Abẹ́òkúta! Omi ò tíì kọjá orókún mi tí ilẹ̀ fi yẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi, ìgbì tó ń padà sẹ́yìn wá ń wọ́ mi lọ. Apẹja kan ló fà mí lápá. Ó fi Faransé bú mi, mo dọ̀bálẹ̀ fún un lórí iyanrìn. Ìyẹn ò nílò ògbufọ̀.

Ìyá Ìbejì:
Ọmọ Àgùdà ni mí, ìran àwọn ẹrú tó padà wá láti Brazil, Campos ni ilé bàbá mi wà l'Ékòó, ìdí nìyẹn tí mo fi kó àwọn ọmọ lọ. Odi àwọn Potogí tó wà nínú ìlú Ouidah, 1721 ni wọ́n ti kọ́ ọ, ó sì di 1961 kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀. Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá gan-an ni ilé òrìṣà àwọn òjòlá wà. Táyé gbé ọ̀kan kọ́ ọrùn, Kẹ́hìndé ti sá dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. (Ẹ má bi mí nípa tèmi.)

A fẹsẹ̀ rin ọ̀nà tí wọ́n kó àwọn ẹrú gbà dé etí òkun, nǹkan bí 4 kìlómítà. Oòrùn mú, àwọn ọmọ ń kùn. Nígbà tá a dé Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀, èyí tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ láti fi rántí wọn, Táyé wo òkun, ó ní, "Màmá, ẹnì kankan ò padà ni?" Mo ní àwọn kan padà, àwa la jẹ́ ọmọ wọn. Ó ní kí ló wá dé tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. N ò rí ìdáhùn. Mo ra omi àgbọn fún wọn.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
A ti lọ, a ti bọ̀. Ìdajì ọ̀rọ̀ Àbẹ̀kẹ́ ni mo gbọ́: mo wa ọkọ̀ dé Àgbádárìgì, mo gbé e sí àgbàlá àna mi. Ọjọ́ kìíní tán sójú ọ̀nà bẹ́ ẹ ṣe wí. Grand-Popo la sùn. Wọ́n gbé dakouin fún wa, gàárì tí wọ́n rò mọ́ omi ọbẹ̀ ẹja. Ẹ̀bà tó ti mu ọbẹ̀ kó tó dórí tábìlì ni. Àwo méjì ni mo jẹ. Lówùúrọ̀, ọkọ̀ ojú omi gbé wa lọ sí Bouche du Roy, níbi tí odò Mono ti wọ òkun, a sì jókòó síbẹ̀ láìsọ̀rọ̀ títí ebi fi lé wa padà.

Nígbà tá à ń bọ̀, a yà ní Djègbadji lẹ́bàá Ouidah. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ń ha ilẹ̀ oníyọ̀ létí ọ̀sà, wọ́n á sẹ́ omi rẹ̀ nínú agbọ̀n, wọ́n á sè é títí iyọ̀ á fi kù sísàlẹ̀ ìkòkò. Ìyàwó mi ra ọ̀rá iyọ̀ kan. Ní ẹnubodè, ọkùnrin kan tú àpò wa, ó gbé ọ̀rá náà sókè, ojú rẹ̀ sì yí padà. Kí lèyí? Ìyàwó mi ní iyọ̀ ni, kó tọ́ ọ wò. Ó tọ́ ọ wò. Ó ní ká bù díẹ̀ fún òun. A pọ́n ọn sínú bébà fún un, a kọjá láìná kọ́bọ̀.